Ọjọ́ Tí Láptọ́ọ̀pù Bàbá Lánlọ́ọ̀dù Yadi

Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá sin gbèsè. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra. Ẹ mú obì kan níbẹ̀, n kò ní gbowó rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn. Bí mo bá rí nǹkan nínú ilé yìí, ṣe ni mo máa ń panu mọ́, tí màá máa ṣa obì mi lọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni, láptọ́ọ̀pù kò sì lè pè mí lẹ́jọ́.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló ni ín. Ẹ mọ Bàbá: ọmọ ọdún 78 ni wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn petesi yìí láti lọ wò ó bóyá ẹnìkan ti ṣí omi sílẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ra láptọ́ọ̀pù náà ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Dúdú ni, ó fẹ́lẹ́ bí àwo pẹrẹsẹ, aṣọ ìnura funfun ni wọ́n fi ń bò ó bí ìyàwó tuntun. Orí tábìlì pálọ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìsọ̀ obì mi. Nítorí náà, ẹ má sọ pé mo ń yọjú. N kò yọjú rárá. Ibi tí ojú mi ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá gbé tábìlì sí.

Kí ni Bàbá ń fi ṣe? Sinimá Yorùbá, ìwàásù, bọ́ọ̀lù, àti ìwé ilé tí lọ́yà wọn ń fi ránṣẹ́. Ó tún ní nǹkan kan tó wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Tó bá yá, ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yìí ló kó bá wa. Ó pe Bàbá lórí fóònù lẹ́yìn ọdún Kérésì, ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé Windows 10 tó wà nínú láptọ́ọ̀pù wọn, Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti October 14, 2025? Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé wọn ò ní máa fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà náà ò ní kú. Ó kàn dà bí ilé tí máíguàdì rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni: ògiri ò ní wó, ṣùgbọ́n ojú kan lẹ ó máa fi sùn. Bàbá ò gbọ́ gbogbo ìyẹn. "Ó ti parí" ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ki láptọ́ọ̀pù sábẹ́ abíyá, wọ́n dé fìlà, ó di ọ̀dọ̀ ẹnjiníà.

Ẹnjiníà yẹn, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jẹ mí ní gbèsè obì, bí mo bá bà á lórúkọ jẹ́, kò ní san án mọ́. Ìkọ́ríta ló wà. Ó ń tún fóònù ṣe, ó ń tún áyọ́ọ̀nù ṣe, ó ń fi orin sínú fóònù, bí ẹ bá sì rọra bi í, á bá yín wá ilé. Ó wo láptọ́ọ̀pù Bàbá, ó mi orí, ó ní òun máa fọ́ọ̀màtì rẹ̀, òun á nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, òun á wá fi Windows 11 tuntun sí i. Bàbá ní àwọn fáìlì òun ńkọ́? Ó ní apá tí wọ́n ń pè ní C nìkan lòun máa nù, pé apá D tí fáìlì Bàbá wà, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Kò sì fọwọ́ kàn án lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ì bá jẹ́ pé ó nù ún ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá gbé e dé. Ẹ bá mi wo ojú rẹ̀! Ó ń dán, òdòdó aláwọ̀ búlúù kan báyìí ló tú ká ojú rẹ̀, ó sì yá bí ọmọ ọlọ́kadà. Bàbá ní kí gbogbo ayálégbé wá wò ó. A kó jọ sí pálọ̀. Wọ́n tan sinimá láti inú fláàṣì tí Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ yá wọn. Orogún méjì ni, ọ̀kan di gèlè mọ́ ìbàdí, èkejì na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gba ìlù, ẹnu wọn ń lọ wẹrẹwẹrẹ. Kẹ́kẹ́ pa. A tẹ́tí, a ò gbọ́ nǹkankan. Orogún méjì ń bú ara wọn, a ò gbọ́ èébú! Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ó dà bí kí ẹ dé òde ìnáwó kí wọ́n ní ẹran ti tán, kí ẹ sì máa gbóòórùn rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aago wà, àwòrán sípíkà kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n fi àmì X lé e lára bí ìgbà tí tíṣà bá fagi lé ìṣirò. Bàbá gbé máòsì débẹ̀, ọ̀rọ̀ Òyìnbó jáde, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á, wọ́n ní: "Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ ohùn kankan nínú rẹ̀." Wọ́n bọ́ awò ojú. Wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n wá pariwo: "Ẹnjiníà ti yọ ẹ̀rọ ohùn mi tà!"

Háà! Bí ẹ bá rí ilé lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ ní bátìrì ni, pé bátìrì kì í jẹ́ kí nǹkan ní ohùn. Alájì tó ń fẹ́ táyà ní eruku ló dí i lọ́fun, kí wọ́n gbé e wá sí ìsọ̀ òun kí òun fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìyá Ìbejì, ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò lè rí kí ìkòkò fọ́ kí wọ́n má bi ẹni tó kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n ní ohùn kì í ṣàdédé lọ, pé ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù nígbà tó dé? Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo yára ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé o, ohùn ẹ̀ ló lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè. Mo rí bọ́tìnnì tí wọ́n ya sípíkà sí lókè, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún èlùbọ́. Kò tilẹ̀ mira.

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé mo dá sí i. Èmi àti kọ̀ǹpútà ti mọra tipẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n ní ní Dùgbẹ̀ nígbà ayé Abacha. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ohùn wo? "Pìì" lásán ni ó mọ̀. Bí ó bá jí, á ní "pìì." Bí inú bá ń run ún, á ní "pìì, pìì." Bí ẹ bá fẹ́ kó kọrin, àfi kí ẹ ra káàdì ohùn kẹ́ ẹ kì í bọ inú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ki igi bọ ààrò. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Sound Blaster, tí ilé iṣẹ́ Creative ní Singapore gbé jáde ní 1989. Oníbàárà kan ló kó ọ̀kan wá láti òkè òkun. Bàbá àwọn ọmọ mi tú ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n ki í bọ̀ ọ́, wọ́n tan Windows 95, ohùn kan sì jáde báyìí, ó rọra gòkè, ó tàn ká yàrá bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Mo gbé ọmọ pọ̀n lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń ké dákẹ́.

Ẹ tilẹ̀ gbọ́ òfófó tó wà nídìí ohùn yẹn. Olórin Gẹ̀ẹ́sì kan, Brian Eno, ni Microsoft lọ bẹ̀ pé kó ṣe é. Wọ́n ní kí ó má gùn púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó ṣe oríṣi 84 kí wọ́n tó mú ẹyọ kan. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni òfófó wà. Ibi tó wà ni pé Macintosh, kọ̀ǹpútà orogún Windows, ni ó fi ṣe é! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ lórí rédíò BBC. Ẹ gbà mí ní alásè níbi ìgbéyàwó yín, mo lọ bu ọbẹ̀ wá láti ilé àlè ọkọ. Ẹ sì jẹ ẹ́, ẹ ní ó dùn.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n. Bàbá jókòó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ilé bàbá àwọn kò yadi rí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Rediffusion ni. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wá láti ilé iṣẹ́ wọn, bí ìgbà tí wọ́n fa iná. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935 kó tó dé Ìbàdàn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, ẹ yí i sókè tàbí ẹ yí i sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá ní ọdún 1959 tí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà níbí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn, àwọn gun èjìká ẹ̀gbọ́n àwọn kí àwọn tó rí i láti ojú fèrèsé. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá. Tí wọ́n bá ti débi èjìká ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀bà tó wà lórí iná ẹni á ti di òkúta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá lọ bá ẹnjiníà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa. Wọ́n ní ó lọ sin òkú àna rẹ̀ ní Ṣàgámù. Láàárín ọdún kan, ẹnjiníà yìí ti sin bàbá ìyàwó mẹ́rin, ìyàwó kan ṣoṣo ló sì ní.

Ọmọ Ìyá Alákàrà ló gbà wá. Ọmọbìnrin yẹn, èyí tó ń lọ sí Pólì, tó máa ń bá ìyá rẹ̀ lọ ẹ̀wà láàárọ̀ kó tó ka ìwé. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìyẹ̀fun ẹ̀wà tó wà ní iwájú orí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì ohùn rárá. Ó béèrè ni. "Bàbá, ìgbà wo ló yadi? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọ́ọ̀màtì rẹ̀?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní: "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kò bàjẹ́."

Ó ṣí ibì kan tó pè ní Device Manager. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i: ìwé orúkọ ayálégbé ni. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú yàrá rẹ̀: kíbọ́ọ̀dù, bátìrì, kámẹ́rà. Ó fi ìka tọ́ ìlà kan lójú rẹ̀, wọ́n kọ "Multimedia Audio Controller" síbẹ̀, àmì yẹ́lò onígun mẹ́ta kan sì jókòó lé e. Ó ní: "Ẹ wò ó, sà. Ẹ̀rọ ohùn yín rèé, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ tà. Dráífà ni kò ní."

Alájì ní dráífà? Ṣé mọ́tò ni?

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n èmi ló tètè yé, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ fojú inú wò ó pé Windows ni ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó, ẹ̀rọ ohùn ni ọmọbìnrin. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò gbọ́ èdè èkejì. Alárinà ló máa lọ, tó máa bọ̀, tó máa ní "ó ní kí n sọ fún ọ pé." Alárinà yẹn ni dráífà. Sọ́fíwíà lásán ni, kò ní ara, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹnjiníà nu apá C, àti Windows 10 àti gbogbo alárinà tó wà níbẹ̀ ló gbá jáde. Ó fi ọkọ tuntun síbẹ̀, kò fi alárinà tuntun sí i. Windows 11 náà ní àwọn alárinà kan tó ń gbé bọ̀ wá láti ilé, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ti Bàbá yìí, wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Torí kí ni? Torí èmi ni dráífà ilé yìí! Ẹ rántí ìgbà tí ọmọ mi bímọ ní Ìlọrin, tí mo lọ wẹ ọmọ fún un. Oṣù kan péré. Kí n tó dé, ayálégbé yàrá kẹrin ti kó ẹrù lóru láìsan owó ilé, Ìyá Ìbejì àti Ìyá Alákàrà ń bínú síra wọn lórí ìgbálẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá èkejì sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé yadi. Ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n ti ń jà ní gbangba. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ padà nìyẹn.

Wàhálà kejì ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa lọ mú dráífà náà wá, íntánẹ́ẹ̀tì láptọ́ọ̀pù ò sì ṣiṣẹ́, torí Wi-Fi náà, dráífà tirẹ̀ ti bá ti ohùn lọ. Ọmọ náà ní kò le, ó mú wáyà tí wọ́n fi ń ṣáájì fóònù, ó so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó tan ohun kan nínú fóònù, ìyẹn USB tethering, ni kọ̀ǹpútà bá ń mu íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù bí ọmọ tó ń mu ọyàn. Ó wá béèrè pé détà ta ni ká lò?

Ẹ wá wo bí ilé ṣe pa lọ́lọ́. Alájì rántí pé oníbàárà ń dúró. Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ ní ti òun ti tán lánàá. Bàbá ní kí a dá owó. Mo ní Bàbá, ṣé irú owó tí a dá fún pọ́ǹpù omi náà ni? Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi, mo fẹ́ kó o padà. Torí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yẹn kò tíì tán nílẹ̀. Ní mítìnì ayálégbé ọjọ́ yẹn, Bàbá jáde díẹ̀, ẹnìkan bá pè wọ́n ní ahun lẹ́yìn wọn. Alámí lọ sọ fún wọn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi, mo búra. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo tún ní bó bá jẹ́ pé èmi ni, kí ohùn mi fúnra rẹ̀ tú mi fó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú obì míì.

Èmi ni mo fi détà sílẹ̀ níkẹyìn. Ṣé ẹ ń gbọ́? Èmi ni mo fowó mi ra ohùn padà fún Bàbá.

Ọmọ náà ní ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù gan-an ni òun ti máa wá a, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pariwo "dráífà ọ̀fẹ́, dráífà ọ̀fẹ́", torí olè pọ̀ nínú irú wọn. Ó yí láptọ́ọ̀pù dojú bolẹ̀ kó wo nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ti parẹ́! Orí itan ni Bàbá ń gbé e lé tí wọ́n bá fi àdí ra orúnkún tán. Ó pa á, ó tún un tàn, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra títí ojú ewé kan tí kò ní òdòdó fi yọ, ó rí nọ́ńbà níbẹ̀, ó kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà. Òróró àkàrà ti jẹ́ kí ìdajì bébà náà máa fi òdì kejì hàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣeé kà.

Dráífà Realtek ló kọ́kọ́ mú. Ó ní Realtek, ilé iṣẹ́ Taiwan kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ló ṣe ẹ̀rọ ohùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ó fi àmì wọn hàn mí. Akàn ni! Akàn ayé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí la máa ń wí, èwo ni ti akàn tó wá di olùtọ́jú etí? A fi sí i, a tún un tàn. Ó yadi síbẹ̀. Ìyá Ìbejì ní àwọn ti sọ ọ́.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó bu ètè jẹ. Mo rí i tó ti ọ̀fun rẹ̀ gbé itọ́ mì. Ó padà sínú ìwé orúkọ ayálégbé, ó tẹ orí ìlà tó ní àmì yẹ́lò, ó ṣí ibi tí wọ́n kọ Hardware Ids sí, lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan jáde tí kò ní ìtumọ̀ kankan lójú mi. Ó fi ìka sábẹ́ ibì kan: VEN_8086. Ó gbá orí ara rẹ̀. "Mo kánjú, sà. Ilà ojú rẹ̀ ni mi ò wò."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ilà ìdílé. Ti Realtek, 10EC ni. Ti Intel, 8086, orúkọ ẹ̀rọ tí bàbá ńlá wọn gbé jáde ní 1978, wọ́n wá fi kọ ilà fún gbogbo ọmọ. Ìlà tó ní àmì yẹ́lò, ilà Intel ló wà lójú rẹ̀. Nínú irú láptọ́ọ̀pù yìí, géètì kan wà tí Intel ń ṣọ́, Smart Sound ni wọ́n ń pè é, akàn sì wà lẹ́yìn géètì. A ti rán alárinà sí akàn, ṣùgbọ́n géètì wà ní títì, kò sẹ́ni tó rí akàn, kọ̀ǹpútà tilẹ̀ lérò pé kò sẹ́ni nínú ilé. Ẹ kọ́kọ́ ṣí géètì ná.

Bó ṣe ń dúró de dráífà Intel, ó ń sọ àwọn tó ti tún ṣe rí. Láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kò yadi rárá, inú tẹlifíṣọ̀n ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí nípasẹ̀ wáyà HDMI, tẹlifíṣọ̀n sì wà ní pípa ohùn. Òmíràn, orí íápíìsì ló kán sínú ihò rẹ̀, láptọ́ọ̀pù wá rò pé olówó òun ń fi etí gbọ́ òun níkọ̀kọ̀, ó sì pa ohùn mọ́ fún ìta. Èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Windows Audio ló sùn, wọ́n kàn jí i ni. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi sáré tẹ bọ́tìnnì. Ó wò mí nígbà tó sọ ìyẹn. Mo ní bọ́tìnnì ohùn òkè yẹn ńkọ́, kí ló dé tí kò mira? Ó ní àwọn bọ́tìnnì yẹn náà ní dráífà tiwọn nínú láptọ́ọ̀pù yìí, pé a máa fi ìyẹn kádìí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn fún mi.

Dráífà Intel wọlé. Lójú wa báyìí ni àmì yẹ́lò poorá, ìlà tuntun yọ nísàlẹ̀, ó wò ó, 10EC! Akàn ti jáde síta. Ó tún dráífà Realtek fi sí i, ó ní kí a tún kọ̀ǹpútà tàn. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ Ìyá Ìbejì kan fẹ́ wúkọ́, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ojú láptọ́ọ̀pù mọ́, ohùn kékeré kan jáde, ó tutù, ó ṣe wẹ́ẹ́ bí omi tó kán sínú àwo tánńganran. Windows 10 kì í kí èèyàn bẹ́ẹ̀ bó bá jí. Èyí ń kíni. Pálọ̀ dàrú. Bàbá dìde, wọ́n jó ẹsẹ̀ méjì, orúnkún dá wọn dúró ní ẹ̀kẹta. Alájì tó ní oníbàárà ń dúró, a ò mọ ìgbà tó padà dé.

Bàbá ní kí wọ́n tan sinimá orogún. Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ ti gba fláàṣì rẹ̀ padà, détà sì ti tán. Ọmọ náà ní ṣé kò sí nǹkan tó ní ohùn nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni, ká fi dán an wò? Ó ṣí apá D. Ìwé lọ́yà, ìwé lọ́yà, àwòrán òkú ìyá Bàbá, fódà kan tí wọ́n kọ MITINI sí. Mo rí i. N kò ronú kàn án. Mo rò pé orin ẹgbẹ́ wọn ni. Èmi, èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, ni mo ní: "Tẹ̀ ẹ́! Gbé ohùn rẹ̀ sókè, jẹ́ kó dé òpin!" Ó fi máòsì fà á dé 100.

Àga kọ́kọ́ dún gbì. Ẹnìkan wúkọ́. Ohùn Bàbá jáde, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí n yára tọ̀, mo ń bọ̀." Sálúbàtà wọn ń lọ, ṣálá, ṣálá. Ilẹ̀kùn dún. Bàbá tó wà láàyè jókòó sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́, wọ́n ní: "Mo ti gbàgbé pé mo fi fóònù gba mítìnì yẹn sílẹ̀. Ọmọ yìí ló bá mi kó o sínú rẹ̀. Wákàtí méjì ni, mi ò ráyè gbọ́ ọ."

Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán ni ohùn obìnrin kan bọ́ sójú ọ̀nà, ó mọ́ gaara:

"Bàbá yìí? Ahun ni! Owó pọ́ǹpù tá a dá, ṣé inú kànga ló dà á sí ni? Ẹ wo bó ṣe ń rìn bí ẹyẹlé tó jẹ àjẹyó, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ẹ̀kán omi!"

Akàn Taiwan yẹn kò fi nǹkankan pamọ́. Ẹ̀ ń gbọ́ èémí. Ẹ̀ ń gbọ́ obì tí obìnrin náà ń rún, ẹ tilẹ̀ lè mọ̀ pé gbàǹja ni. Gbogbo ojú yí sí mi, àtojú Ìyá Ìbejì, àtojú ọmọ tó fẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn náà ṣì ń lọ, ó ti dé orí fìlà Bàbá, mo sì mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn fìlà.

Mo fò dé ìdí tábìlì. Bọ́tìnnì òkè, èyí tí wọ́n ya sípíkà sí tí wọ́n fi ìlà dábùú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Olóbì, ẹ jọ̀ọ́, mà," ọmọ Ìyá Alákàrà ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "A ò tíì fi dráífà bọ́tìnnì yẹn sí i."